Lórí fóònù mi ó ti yí padà, lórí fóònù Mọ́mì kò tíì yí

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń báàyàn ṣe wẹ́ẹ̀bùsáìtì, ẹ wá gbọ́ nǹkan tójú mi rí. Oníbàárà mi kan tó ń ta léèsì n'Íbàdàn ní kí n bá òun kó sáìtì òun lọ sórí sáfà tuntun (kọ̀ǹpútà tí sáìtì ń gbé). Mo kó o tán, mo yí A record (ìlà tó ń sọ àdírẹ́sì sáfà tí sáìtì wà) láàárọ̀ Sátidé, mo yẹ̀ ẹ́ wò lórí fóònù mi, tuntun ló gbé jáde, ni mo bá fi ẹnu mi pè wọ́n pé "Mọ́mì, ó ti parí o." Kò pẹ́ tí wọ́n fi pè padà: "Ṣó o fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni? Ti tẹ́lẹ̀ náà ni mò ń rí o." Bẹ́ẹ̀ àbúrò wọn ní London ti ń rí tuntun.

Mo lọ sórí ọ̀kan nínú àwọn sáìtì tó máa ń báàyàn béèrè àdírẹ́sì sáìtì lọ́wọ́ àwọn sáfà DNS (àwọn tó ń sọ ibi tí sáìtì wà) káàkiri ayé, gbogbo ẹ̀ ló mú àmì aláwọ̀ ewé pé tuntun ni, mo ya fọ́tò ẹ̀ ránṣẹ́. Wọ́n ní kí n lọ fi àmì yẹn jẹ ẹ̀bà.

Mo wọ mọ́tò lọ bá wọn ní ṣọ́ọ̀bù, mo so láptọ́ọ̀pù mọ́ hotspot wọn, mo tẹ dig (àṣẹ tá a fi ń bi sáfà DNS léèrè). TTL (àkókò tó kù kí sáfà DNS fi tọ́jú ìdáhùn) tó gbé jáde: 41210. Mo tún un tẹ̀, 41195. Sẹ́kọ́ńdì ni, ó ń dín kù lójú mi báyìí! TTL sáìtì yẹn 86400 ni, wákàtí 24 gbáko, àfi kẹ́nì kan ti ṣí i lálẹ́ Fúráìdé tí sáfà DNS nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn sì tọ́jú ìdáhùn àtijọ́ sápò. Rẹ́kọ́ọ̀dù ò rìn káàkiri ayé bí àwọn èèyàn ṣe máa ń sọ o, sáfà DNS kọ̀ọ̀kan ló ń di tiẹ̀ mú títí ọjọ́ ẹ̀ á fi pé, ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì Mọ́mì ò sì sí lára àwọn tí mo wò. Aago mẹ́wàá àbọ̀ alẹ́ ni wọ́n pè pé àwọn ti rí i.

Ní báyìí, ó kéré tán ọjọ́ kan ṣáájú ni mo ti máa ń fa TTL wálẹ̀ sí 300. Tó o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á wálẹ̀ lọ́jọ́ tó o fẹ́ kó ẹrù, òfo ni, torí 86400 làwọn tó ti tọ́jú ẹ̀ ṣì ń kà. Tí mo bá sì yí i tán, nameserver dómẹ́ènì yẹn gangan (sáfà tí ojúlówó rẹ́kọ́ọ̀dù ẹ̀ wà) ni mo kọ́kọ́ ń fi dig bi, kí n tó wá bi 8.8.8.8 àti 1.1.1.1 (sáfà DNS ti Google àti ti Cloudflare). Tí nameserver fúnra ẹ̀ bá ṣì ń sọ ti àtijọ́, má wulẹ̀ dúró de ẹnì kankan, ibi tí kì í ṣe ibẹ̀ lo ti lọ yí i. Mo mọ ẹni tó dúró ọjọ́ méjì lásán nítorí èyí (èmi náà ni o).

Sáfà àtijọ́ ńkọ́? Mo fi í sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ lọ fún ọ̀sẹ̀ kan, torí ọ́dà méjì ṣì gba ibẹ̀ wọlé ní Sátidé yẹn.