Ẹ Lọ sí Mérì Kí Ẹ Tó Yan Aṣọ Ẹbí

Bí ẹ bá bi àwa ọ̀dọ́ Àjàṣẹ́ ní ilẹ̀ Benin léèrè ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó lónìí, aṣọ ni a ó kọ́kọ́ dárúkọ: irú àǹkárá tí àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó yóò wọ̀, ẹni tí yóò ya fọ́tò, orin tí DJ yóò fi mú ọkọ àti ìyàwó wọlé. Ọ̀rọ̀ mérì, ọ́fíìsì ìjọba ìlú tí wọ́n ti ń so ìgbéyàwó lábẹ́ òfin, kì í yọjú, àfi bí ọ̀kan nínú wọn bá ń wá ìwé físà. Lójú tèmi, ìdí ni a ń gbé síwájú, orí ló wà lẹ́yìn.

Ọmọ Kétu ni mí, iṣẹ́ fọ́tókọ́pì àti ìwé títẹ̀ ni mo ń ṣe níbí. Èmi ni mo ń tẹ ìwé ẹrù ìdána fún àwọn ẹbí. Iṣu, iyọ̀, oyin, ataare, obì, orógbó, ọtí jìnnì, àpótí aṣọ: ìyẹn dára, bẹ́ẹ̀ ni a ṣe bá a. Ṣùgbọ́n mo ti tẹ fóònù olówó ńlá sábẹ́ orógbó rí, mo sì ti tẹ fíríìjì. Òfin ìdílé ilẹ̀ Benin, tí ìjọba fọwọ́ sí ní oṣù kẹjọ ọdún 2004, sọ pé àmì lásán ni owó orí jẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, fíríìjì wo ló ń jẹ́ àmì?

Òfin yẹn kan náà ló sọ ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò fẹ́ gbọ́: ìgbéyàwó tí wọ́n bá so ní mérì nìkan ni ìjọba mọ̀. Ìdána, yìgì tí lèmọ́mù so, àdúrà ṣọ́ọ̀ṣì, gbogbo wọn ló níyì lójú ẹbí àti lójú Ọlọ́run. Bí ọ̀rọ̀ bá dé ọ́fíìsì, ẹ ó wá rí i.

Ara àbúrò ìyá mi ni mo ti kọ́ ọ. Wọ́n ṣe ìdána rẹ̀ ní Kétu, wọ́n so yìgì, gbogbo àdúgbò jẹ, wọ́n mu. Ọkọ rẹ̀ ń ṣòwò láàárín Ìgòló àti ọjà Wàńdò, àwọn méjèèjì ni wọ́n sì jọ kọ́ ilé tí wọ́n ń gbé. Nígbà tí ọkọ kú, ó lọ bèèrè owó tó wà ní báńkì. Wọ́n ní ìwé ìgbéyàwó dà. Ó mú fọ́tò ọjọ́ ìdána jáde. Ọmọdébìnrin tó jókòó sídìí tábìlì wo fọ́tò náà, ó ní, "Aṣọ yín mà dára o, ìyá," ó sì dá a padà fún un. Nílé, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ kò jà, kò pariwo. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í pe ibẹ̀ ní "ilé àbúrò mi". Àwọn ọmọ ló gba ilé náà sílẹ̀. Orúkọ bàbá wà nínú ìwé ìbí wọn, òfin sì ní ìpín kan náà ni ti ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin nínú ogún. Aya tó bá ní ìwé mérì náà wà lára àwọn tó ń jogún. Àbúrò ìyá mi kò sí lára wọn. Abẹ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń gbé báyìí, nínú ilé tó fi owó àjọ rẹ̀ ra símẹ́ǹtì fún.

Kí ló dé tí àwọn ọkùnrin ń sá fún mérì? Wọ́n á ní owó ni, wọ́n á ní àyè ni kò sí. Ẹ jẹ́ ká sòótọ́: ìyàwó kejì ni. Lábẹ́ òfin 2004, aya kan ṣoṣo ni ọkùnrin lè fẹ́ ní mérì, ẹni tó bá sì ti fọwọ́ síwèé ti ti ilẹ̀kùn kan. Èmi ò bú olórogún o. Ìyàwó méjì ni bàbá mi ní, ìyàwó kejì ló sì san owó ilé-ẹ̀kọ́ mi lọ́dún tí nǹkan le fún ìyá mi. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kí ọkùnrin ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, kó máa sọ fún ọmọbìnrin pé atẹ́gùn ló ṣí i. Bó bá fẹ́ fẹ́ méjì, kó sọ ọ́, kí ẹni tó ń fẹ́ mọ ohun tí òun ń gbà.

Ọ̀nà tí ẹ ó gbà bá àwọn àgbà sọ ọ́ tún le ju òfin lọ. Ẹ má kọ ọ́ sínú WhatsApp ẹbí. Mo mọ ọmọbìnrin kan tó ṣe bẹ́ẹ̀. Kó tó dalẹ́, wọ́n ti ní ìwé àkàjù ló bà á jẹ́. Ẹ wá àgbà kan, obìnrin ló dára jù, ẹ kúnlẹ̀, ẹ ṣàlàyé fún òun nìkan. Èmi gba ọ̀dọ̀ ìyá ìyá mi lọ ní Kétu. Mo rò pé yóò ní kí ni wọ́n mọ̀ mọ́ mérì láyé tiwọn. Ó gbọ́ mi tán, ó bi mí pé, "Ìwé ọ̀hún, àpótí ta ni yóò wà?" Mo ní bóyá ti ọkọ. Ó ní, "O ò tíì gbọ́n." Ó ní ẹ̀dà kan gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ òun. Láti ọjọ́ náà, bí àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá mi bá fẹ́ dá sí i, òun ló ń dá wọn lóhùn. Èmi á kàn máa wolẹ̀.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ńkọ́? Láti òpin ọdún 2021, òfin ti là á mọ́lẹ̀ pé obìnrin tó lọ́kọ kò sọ orúkọ bàbá rẹ̀ nù. Bó bá wù ú, kó fi ti ọkọ kún un. Àwọn ọ̀rẹ́ mi ti bá ara wọn jà lórí èyí lórí Facebook. Kò tó ìjà. Oríkì ilé bàbá rẹ̀ ni a ṣì fi ń ki obìnrin, ilé ọkọ kò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ rí.

Ìwé ìbí ni kí ẹ tètè mójú tó, kí ẹ tó dá ọjọ́ rárá. Ìlànà Faransé ni wọ́n fi kọ orúkọ wa sílẹ̀, ẹni tó ń jẹ́ Adéṣínà lè di Adechina nínú ìwé kan, kó di Adechinan nínú òmíràn. Lójú kọ̀ǹpútà, ẹni méjì nìyẹn. Láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ RAVIP, ètò tí ìjọba fi kọ orúkọ gbogbo ará ìlú sílẹ̀ fún ìdánimọ̀, ní òpin ọdún 2017, tí ANIP, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ìdánimọ̀, sì ń fún kálukú ní nọ́ńbà tirẹ̀, àṣìkọ tí ẹnikẹ́ni kì í wò tẹ́lẹ̀ ti di wàhálà. Mo rí ọkọ àti ìyàwó tí wọ́n ti sanwó gbọ̀ngàn, tí wọ́n ti pín aṣọ, tí àwọn méjèèjì dúró níwájú ẹ̀rọ mi tí wọ́n ń wo "n" kan ṣoṣo. Nígbà mìíràn, àtúnṣe orúkọ a máa dé ilé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ kò sì mọ̀ pé ẹ ti gba DJ.

Ìwọ tí àfẹ́sọ́nà rẹ wá ń sọ pé kí ẹ ṣe ìdána ná, mérì á tẹ̀lé e, bi í ní ọjọ́. Má gba "tó bá yá", má gba "lẹ́yìn ọdún". Tó bá dárúkọ ọjọ́, kí ẹ jọ lọ bèèrè àwọn ìwé tí wọ́n ń gbà lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Tó bá ń yí ọ̀rọ̀ po, jẹ́ kí àgbà tí o ti bá sọ̀rọ̀ bi í níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.