Láptọ́ọ̀pù mi di àlejò nínú ilé mi

Sátidé. Òjò ti ń rọ̀ l'Ádó níbí látàárọ̀, mi ò lè lọ sọ́jà, mo wá ní ó dáa bẹ́ẹ̀, òní ni n ó jókòó ti ọ̀rọ̀ fídíò Màmá. Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn la ṣe ọgọ́rin ọdún wọn ní Ìkẹ́rẹ́, táábúlẹ́ẹ̀tì mi ni mo fi ká gbogbo ẹ̀, títí dórí ìgbà tí Màmá gba máìkì lọ́wọ́ alága tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì ìdílé wọn tí gbogbo abẹ́ kánópì pa lọ́lọ́. Ibi oríkì yẹn nìkan, 5.2 GB. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà n'Ìbàdàn ń bọ̀ lọ́jọ́ Mọ́ńdè wá gbà á, wọ́n ní orí láptọ́ọ̀pù ni àwọn fẹ́ bá a.

Mo ti kọ́kọ́ gé díẹ̀ nínú ẹ̀ fi ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp, WhatsApp fún un pọ̀, ojú Màmá wá dà bí ẹni tó wà nínú kùrukùru. Mo mú fláàṣì 32 GB tí mo fi ń tọ́jú nóòtì kíláàsì mi, àyè ṣì pọ̀ nínú ẹ̀ dáadáa, ó ní fáìlì yìí ti tóbi jù. Ẹ gbà mí! Ṣé 5 ló ju 32 lọ? Ìgbà tí mo wò ó dáadáa ni mo rí i pé FAT32, ìyẹn ọ̀nà àtijọ́ kan tí wọ́n fi ń to fáìlì sínú fláàṣì, ni wọ́n fi fọ́ọ̀màtì ẹ̀, FAT32 ò sì lè gba ẹyọ fáìlì kan tó bá ti tó 4 GB, àyè ibẹ̀ ì báà tó pápá. Kí n fọ́ọ̀màtì ẹ̀ báyìí, nóòtì mi lọ nìyẹn. Okùn táábúlẹ́ẹ̀tì ní tiẹ̀, ṣáájì nìkan ló mọ̀, kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé fáìlì.

Ó wá ku Wi-Fi ilé. Mo ṣe share fóódà kan lórí láptọ́ọ̀pù, mo ṣí ibi network nínú táábúlẹ́ẹ̀tì, mo ń wá láptọ́ọ̀pù, kò sí níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà Dádì àwọn ọmọ tó wà ní pálọ̀ ló yọjú gàgà, òun nìkan, fídíò bọ́ọ̀lù tí wọ́n tọ́jú síbẹ̀ sì ti kún dísìkì ẹ̀ débi pé abẹ́rẹ́ ò lè wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ìyẹn jẹ́ kí n mọ nǹkan kan: táábúlẹ́ẹ̀tì tó rí ọ̀kan tí kò rí èkejì, ẹjọ́ kì í ṣe tiẹ̀. Àkọ́bí mi ní, "Mọ́mì, ṣé kí n rísẹ́ẹ̀tì ráútà?" Mo ní gbìyànjú ẹ̀ wò, níta lo máa sùn.

Mo lọ sí YouTube. Ẹnì kan ní ká kúkú pa firewall, ìyẹn ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kọ̀ǹpútà, pátá, ẹlòmíì ní ká tan SMB1, ọ̀nà àtijọ́ tí kọ̀ǹpútà fi ń pín fáìlì fúnra wọn, padà. Ìyẹn gan-an ni ihò tí WannaCry, kòkòrò tó ń ti fáìlì èèyàn pa tó sì ń gba owó ìtúsílẹ̀, gbà wọlé sára kọ̀ǹpútà káàkiri ayé ní oṣù Kàrún-ún 2017, ọdún yẹn náà ni Windows bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọ́ kúrò nínú ohun tó ń bá kọ̀ǹpútà tuntun wá. Nítorí fídíò ọjọ́ ìbí? Mo fi wọ́n sílẹ̀ jàre.

Mo bá tẹ ipconfig, àṣẹ tó ń fi àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà lórí Wi-Fi hàn, lórí láptọ́ọ̀pù. Táábúlẹ́ẹ̀tì ń jẹ́ 192.168.1.7, kọ̀ǹpútà pálọ̀ ń jẹ́ 192.168.1.4, láptọ́ọ̀pù tèmi wá ń jẹ́ 192.168.2.11. 2 kẹ̀? Nínú ilé wa, 1 ló yẹ kó wà níbẹ̀ bíi ti àwọn yòókù. Mo ń wò ó, mo ń wò ó, àfìgbà tí mo rántí pé lọ́sẹ̀ ìnáwó yẹn, nígbà tí àwọn ẹbí wá sùn sílé wa, Dádì ṣí Wi-Fi kejì fún wọn, wọ́n pè é ní ALEJO kí wọ́n má baà máa fún gbogbo ayé ní password ILE WA. Àbúrò mi ló lo láptọ́ọ̀pù mi lọ́jọ́ náà, ó so ó mọ́ ALEJO, kò sì tíì kúrò níbẹ̀ láti ọjọ́ yẹn. Ráútà máa ń jẹ́ kí àlejò lo íntánẹ́ẹ̀tì débi tó wù ú o, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́ kó yọjú sí yàrá onílé. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, orí tábìlì mi ni láptọ́ọ̀pù mi wà tó ń jẹ́ àlejò, èmi ò mọ̀, nítorí Google ń ṣí, gbogbo nǹkan ń ṣí.

Mo gbé e padà sí ILE WA, mo ní ó ti parí. Kò parí. Public ni Windows ka ILE WA sí, bíi pé ọgbà mọ́tò la jókòó sí, mo yí i sí Private, mo tan network discovery, èyí tó ń jẹ́ kí àwọn ẹ̀rọ ilé rí ara wọn, ó yọjú! Ó wá ń bèèrè password. Mo tẹ PIN mi, kò gbà, mo tún tẹ̀ ẹ́, kò gbà, àṣé PIN yẹn, orí láptọ́ọ̀pù náà nìkan ló ti wúlò, password gidi ló ń bèèrè, èyí tí mo ti gbàgbé látọjọ́ tó pẹ́. Mo bá dá account mìíràn sílẹ̀ lórí láptọ́ọ̀pù, mo fún un ní password tiẹ̀, fóódà kan ṣoṣo yẹn ni mo jẹ́ kó lè wọ̀.

Fáìlì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, 4 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Dádì yọjú láti kíṣìn, ọmọ odó ṣì wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní ṣé kò ní jẹ dátà wa tán. Mo ní kò kan dátà rárá, inú ilé níbí ló ń rìn, kò jáde síta. Ó dé 91%, wọ́n mú iná lọ. Ráútà ò sí lórí ìnfátà.

A jẹyán tán, a palẹ̀ mọ́, kí Màmá tó ké láti yàrá pé "Uná ti dé o!" Mo tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo, mo gbé táábúlẹ́ẹ̀tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà, mi ò kúrò níbẹ̀. Nígbà tó wọlé tán mo ṣí i wò, mo gbé ohùn ẹ̀ sókè, Màmá fi ògiri rìn wá sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní ta ló ń kì mí níbẹ̀ yẹn. Mo ní ẹ̀yin náà ni. Wọ́n jókòó, wọ́n gbọ́ ọ dé òpin, wọ́n ní àwọn fo ti ìyá bàbá àwọn, ká tún un ká lọ́la lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì.