Èémí Tí Mo Ń Dì Mú Nídìí Gìtá

Ìbàdàn, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀

Lónìí ni ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án tí mo ti ń gbìyànjú láti máa ta gìtá kí n sì máa fọn hàmóníkà lẹ́ẹ̀kan náà, lónìí gan-an ni mo sì tó mọ ohun tí ó ti ń dí mi lọ́wọ́ láti ọjọ́ yìí wá. Kì í ṣe ọwọ́ mi ni ó ń ṣàṣìṣe, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹnu mi. Èémí mi ni mo máa ń dì mú láìmọ̀, nígbàkígbà tí ìka mi bá fẹ́ kúrò lórí kọ́ọ̀dù kan, ìyẹn àwọn ohùn tí a ń ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bọ́ sórí òmíràn tí ó le. Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ lálẹ́ yìí nígbà tí ó ṣì wà lára mi, kí ó má baà di ohun tí mo kàn ń rántí fẹ́ẹ́rẹ́.

Irin ọrùn ni mo máa ń pe ohun èlò tí ó ń gbé hàmóníkà sí mi lẹ́nu. Wáyà líle tí wọ́n tẹ̀ bí àjàgà ni. Ó jókòó lé èjìká méjèèjì, apá rẹ̀ méjì yọ síwájú àyà, àwọn apá yìí ni ó sì di hàmóníkà mú níwájú ètè, kí ọwọ́ lè ráyè fún gìtá. Nọ́ọ̀tì bóòtù méjì tí ó ní ìyẹ́ bíi ti labalábá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ènìyàn lè fi ìka lásán fún wọn le. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, àwọn nọ́ọ̀tì yìí ni mo kà sí ìṣòro mi. Bí ètè mi bá ti tì í díẹ̀, hàmóníkà á fà sẹ́yìn, n ó sì máa na ọrùn tẹ̀lé e bí ẹni tí ó ń yọjú lójú fèrèsé, títí tí ẹ̀yìn ọrùn yóò fi máa ro mí. Ìgbà tí mo gé rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́ sí wẹ́wẹ́, tí mo fi í sábẹ́ nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan, ni ó tó dúró. Mo rò nígbà náà pé wàhálà ti parí.

Kí ohun tí mo fẹ́ sọ lè yé ẹni tí kò mú hàmóníkà rí, ó yẹ kí n sọ bí inú rẹ̀ ṣe rí. Èyí tí mo ń lò jẹ́ Marine Band, irú èyí tí ilé iṣẹ́ Hohner ti ń ṣe láti ọdún 1896 ní ìlú Trossingen, ní Jámánì, níbi tí Matthias Hohner ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní 1857. Kíì C ni tèmi, ìyẹn ni pé C ni d rẹ̀. Ihò mẹ́wàá ni ó ní, ahọ́n idẹ méjìméjì sì ni ó wà fún ihò kọ̀ọ̀kan, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ ogún. Ọ̀kan máa ń dún bí a bá fẹ́ èémí sí i, èkejì máa ń dún bí a bá fa èémí láti inú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti bá wọn kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì, tí ẹ mọ tónìkì sọ́fà, yóò tètè yé yín. Bí mo bá fẹ́ èémí sí ihò kìíní dé ìkẹrin, d, m, s, d ni n ó gbọ́, ìyẹn kọ́ọ̀dù C lódindi. Bí mo bá fa èémí nínú ihò mẹ́rin kan náà, r, s, t, r ni yóò dún, ìyẹn sì ni kọ́ọ̀dù G. Nítorí náà, nígbà tí gìtá bá wà lórí C, kí n sáà ti máa mí síta. Bí ó bá dé G, kí n máa mí sínú. Mo fẹ́ràn ètò yìí púpọ̀. Ó dà bí ẹni pé ẹni tí ó gbé e kalẹ̀ ti kọ́kọ́ tẹ́tí sí bí ènìyàn ṣe ń mí kí ó tó mú idẹ lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n orin ìyìn tí mo fi ń kọ́ ọ kò mọ sí C àti G, kọ́ọ̀dù F wà nínú rẹ̀, f àti l sì wà lára ohùn tí ó gbé F ró. Kò sí f, kò sì sí l, nínú àwọn ihò mẹ́rin tí ó wà ní apá òsì hàmóníkà. Inú ihò karùn-ún àti ìkẹfà ni a ti ń fà wọ́n jáde. Nígbà tí a bá fi ọwọ́ mú hàmóníkà, ọwọ́ ni yóò sún un lọ síbẹ̀. Lórí irin ọrùn, hàmóníkà kò kúrò lójú kan, orí ni ó gbọ́dọ̀ lọ bá a. Mo gbọ́dọ̀ yí ojú sí ọ̀tún níwọ̀nba, kí n má kọjá ibẹ̀, kí n sì pa èémí dà láti fífẹ́ sí fífà. F yìí kan náà ni ó ń fún ẹni tí ó ń kọ́ gìtá ní ìnira jù lọ, nítorí pé ìka ìlábẹ̀ gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀ lórí okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kí ìka mẹ́ta yòókù tó wá dúró sí àyè tiwọn. Ibi tí ó le lórí gìtá àti ibi tí ó le lórí hàmóníkà wá pàdé ní ojú kan ṣoṣo nínú orin.

Ọdún méje ni mo ti ń ta gìtá, mo sì rò pé mo ti borí F. Ní ọ̀sán òní, mo fi fóònù gba orin náà sílẹ̀, mo sì jókòó gbọ́ ọ. Ìgbà mẹ́jọ ni F wà nínú ẹsẹ kan. Ìgbà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ni hàmóníkà dákẹ́ kí F tó wọlé, ìdákẹ́ kékeré bíi ti ẹni tí ó fẹ́ fo gọ́tà. Gìtá kò dákẹ́ ní tirẹ̀, ó ń lọ geere. Mo tún un gbọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kí ó lè dá mi lójú. Lẹ́yìn náà mo bọ́ irin ọrùn, mo ta gìtá nìkan, mo sì fọkàn sí àyà mi. Ó le gbagidi. Eyín mi ti pàdé, ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu, kò sí atẹ́gùn tí ó ń wọlé tàbí tí ó ń jáde, àfi ìgbà tí ìka bá tó jókòó dáadáa lórí F. Ìyàwó mi ń ṣa ẹ̀wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìdáná. Mo sọ ohun tí mo rí fún un, kò sì yà á lẹ́nu rárá. Ó ní, “Ẹ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Bí ẹ bá ti fẹ́ yí ìka yẹn, ẹ máa ń di eyín pọ̀ bí ẹni tí ó gbé àpò sìmẹ́ńtì.” Ọdún méje! Gìtá kì í bèèrè èémí lọ́wọ́ ẹni, ìdí nìyẹn tí kò fi tú mi fó.

Ọ̀rọ̀ tí Baba Alhaji sọ fún mi ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ó wá sọ́kàn mi. Ìsàlẹ̀ ilé wa ni wọ́n ń gbé, mo sì lọ bá wọn nítorí pé wọ́n fọn hàmóníkà nígbà èwe wọn nínú ẹgbẹ́ ajísààrì. Àwọn kan lè rò pé ohun èlò yìí ṣe àjèjì sí wa, kò rí bẹ́ẹ̀. Láàárín àwọn tí ń jí Mùsùlùmí lóru oṣù ààwẹ̀ kí wọ́n lè dìde jẹ sààrì, a máa ń rí ẹni tí ń fọn hàmóníkà pẹ̀lú àwọn onílù àti àwọn elégbè, inú orin wéré tí wọ́n ń kọ bẹ́ẹ̀ ni Síkírù Àyìndé Barrister sì ti mú fújì jáde. Baba gba hàmóníkà lọ́wọ́ mi, wọ́n fi etí agbádá nù ún, wọ́n gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ òsì, wọ́n sì fi ọ̀tún bò ó bí ẹni tí ó di ẹyẹ mú tí kò fẹ́ pa á lára. Bí wọ́n ṣe ń fọn ọ́n ni wọ́n ń ṣí ọwọ́, tí wọ́n ń pa á dé, ohùn rẹ̀ sì ń mì, ó ń rọ̀, ó ń sunkún. Wọ́n wá wo irin ọrùn mi fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, irin yìí ti gba ọwọ́ rẹ. Kí ni o máa wá fi bò ó?”

N kò rí èsì fún wọn, nítorí pé òtítọ́ ni. Ohun tí irin ọrùn gbà lọ́wọ́ ẹni nìyẹn, ohun ńlá sì ni. Ohùn tí a lè fi àtẹ́lẹwọ́ tù tàbí kí a fi í pamọ́ di ohùn tí ó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Baba ní kí n lo ọ̀fun nígbà náà, kí n má fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ fẹ́ ẹ. “Mí bí ẹni tí ó sùn,” ni wọ́n wí, wọ́n sì dá a padà fún mi. Mo dúpẹ́, mo dọ̀bálẹ̀, mo gòkè lọ, n kò sì ronú lé e lórí mọ́ títí di òní.

Mo gbé e yẹ̀ wò báyìí. Mo fi gìtá sílẹ̀ pátápátá, mo gbé irin kọ́ ọrùn, mo sì ń fi ọwọ́ òsì tẹ F nínú afẹ́fẹ́ bí mo ṣe ń fa èémí nínú ihò karùn-ún àti ìkẹfà. Fún ìwọ̀n ìlù mẹ́rin ni mo ń mí síta lórí C, fún mẹ́rin mìíràn ni mo ń mí sínú lórí F. Nígbà tí mo ṣe é fún bí ogún ìṣẹ́jú, mo rí ohun kan tí inú mi dùn sí gidigidi. C gùn nínú orin yìí, nígbà tí yóò bá fi parí, ẹ̀dọ̀fóró mi ti ṣófo. Ibi tí F wà gan-an ni orin ti ń fún mi láyè láti gba atẹ́gùn, ibẹ̀ sì ni mo ti ń pa ẹnu dé láti ọdún yìí wá. Mo tún gbé gìtá. Ní ìgbà àkọ́kọ́, ìka mi wọ́ díẹ̀, okùn kejì kò dún. Ní ìgbà kẹrin, F wọlé pẹ̀lú f àti l nígbà kan náà, láìsí ìdákẹ́, èjìká mi sì wálẹ̀ fúnra wọn.

Ìṣòro mìíràn yọjú níbẹ̀ o. Ní ìlà kẹta, G ni ó tẹ̀lé F, fífà sì ni méjèèjì. Bí mo bá dé ìparí ìlà náà, àyà mi ti kún débi pé n kò ríbi gba èémí sí mọ́. Ohun tí ó ń ràn mí lọ́wọ́ ni pé kí n jẹ́ kí díẹ̀ jáde láti imú nígbà tí kọ́ọ̀dù ń yí, ní ìwọ̀nba tí kò ní dá ohùn dúró. Kò tíì mọ́ mi lára.

Kí n tó palẹ̀ mọ́, mo gbọ́ orin Jimmy Reed, olórin blues ará Amẹ́ríkà tí òun náà ń ta gìtá tí ó sì ń fọn hàmóníkà lórí irin ọrùn, ẹni tí wọ́n bí ní Mississippi ní 1925, tí ó sì kú ní 1976. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni Bob Dylan, olórin Amẹ́ríkà mìíràn, ń kọ́kọ́ wá sí lọ́kàn bí a bá dárúkọ irin ọrùn, nítorí àwo àkọ́kọ́ tí ó ṣe ní 1962 àti ẹ̀bùn Nobel tí wọ́n fún un ní 2016, n kò sì bá wọn jà sí i. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ Reed ni mo ti ń rí ohun tí mo ń wá. Gìtá rẹ̀ kò yára, ó ń yí lójú kan náà bí ìyá ìlù tí ó ti rí ẹsẹ̀ oníjó, hàmóníkà rẹ̀ sì ń ké lókè, nínú àwọn ihò tí ohùn wọn tín-ín-rín jù, láàárín ọ̀rọ̀ kan sí èkejì. Tẹ́lẹ̀, ohùn hàmóníkà náà nìkan ni mo ń gbọ́. Lálẹ́ yìí mo gbọ́ ibi tí ó ti ń mí. Kò sí ibi kankan tí ó ti kánjú.

Mo ti gbọn hàmóníkà mọ́ itan kí itọ́ inú rẹ̀ lè jáde, nítorí igi ni àárín rẹ̀, igi a sì máa wú bí omi bá pẹ́ lára rẹ̀. Mo da ihò rẹ̀ délẹ̀ lórí aṣọ ìnura lẹ́bàá fèrèsé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọ̀la, ìlà kẹta nìkan ni mo fẹ́ ṣe, láti F bọ́ sí G, kí n rí bóyá imú mi yóò rántí.