Bullicio: Ọjà Tó Ń Hó ní Madrid

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé Madrid, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo mọ̀ fún ariwo ní èdè Sípáníìṣì, òun ni "ruido". Ìbáà jẹ́ ariwo ọkọ̀, ìbáà jẹ́ ti àwọn ọmọ tó ń ṣeré lábẹ́ fèrèsé, "ruido" ni mo ń pe gbogbo rẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú kan, mo tẹ̀ lé ìyá àgbà tó ń gbé lókè wa lọ sí El Rastro, ọjà tí wọ́n máa ń ná láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú àti ọjọ́ ìsinmi. Ní òpópónà Ribera de Curtidores, tó dà gẹ̀rẹ́ lọ sísàlẹ̀, èrò pọ̀ débi pé èjìká ń gbá èjìká, àwọn aláṣọ àti oníbàtà sì ń fi igbe polówó ọjà. Mo ní "mucho ruido" ni, ìyẹn ariwo púpọ̀. Màmá di apá mi mú, wọ́n mi orí, wọ́n ní: "Ruido, no. Bullicio."

Ìgbà tí mo délé ni mo tó rí i pé ara "bullir", tó túmọ̀ sí kí omi hó, ni wọ́n ti yọ "bullicio". Inú mi dùn púpọ̀, nítorí bí àwa náà ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn: omi ń hó lórí iná, ọjà náà ń hó. Ẹ̀rọ tó ń gbẹ́ títì láàárọ̀ kùtù, tí kì í jẹ́ kéèyàn sùn, òun ló ni "ruido". Láìsí ènìyàn, kò sí "bullicio".

"Jaleo" tún yàtọ̀. Ó lè jẹ́ wàhálà, àmọ́ níbi ijó flamenco, òun ni àtẹ́wọ́ àti igbe "olé" tí wọ́n fi ń kóríyá fún oníjó. Ní ìlú Sevilla ní Sípéènì, "bulla" ni wọ́n ń pe èrò tó dí títì pa nígbà Ọ̀sẹ̀ Mímọ́.

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni "algarabía". Orúkọ èdè Lárúbáwá gan-an ni níbẹ̀rẹ̀. Etí àwọn tí kò gbọ́ èdè náà ló sọ ọ́ di ariwo. Lónìí, ariwo ayọ̀ àwọn ọmọdé tàbí ti ẹyẹ ni wọ́n sábà máa ń fi pè, ṣùgbọ́n mo máa ń rántí ibi tó ti ṣẹ̀ nígbàkigbà tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi bá ń sọ Yorùbá nínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, tí ohùn wa ròkè, tí àwọn èèyàn sì ń wò wá. Létí tiwọn, ó lè jẹ́ ariwo lásán. Owó ilé ìwé àbúrò wa tó ṣẹ́ kù, àti ẹni tí yóò kọ́kọ́ fi tirẹ̀ ránṣẹ́ nínú àwa méjèèjì, là ń sọ.