Fóònù Kojú Ọ̀ta Àtijọ́ Nídìí Ṣẹ́ẹ̀sì

Sátidé.

Fóònù Android tó ní DroidFish, áàpù ṣẹ́ẹ̀sì, wà lápá kan tábìlì, Stockfish, ètò kọ̀ǹpútà tó ń ta ṣẹ́ẹ̀sì, ló ń ronú nínú rẹ̀. Láptọ́ọ̀pù wà lápá kejì, DOSBox, ètò tó ń jẹ́ kí ètò DOS àtijọ́ ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà òde òní, wà lórí rẹ̀, Chess Genius, ètò ṣẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí Richard Lang kọ, sì wà nínú DOSBox. Kí ẹnikẹ́ni má pe arúgbó yìí ní òpè o. Ní 1994, nílùú Lọ́ńdọ̀nù, òun ló na Garry Kasparov, ọ̀gá àgbáyé nínú ṣẹ́ẹ̀sì nígbà náà, nínú eré oníṣẹ́jú 25, tó sì lé e jáde nínú ìdíje.

Ẹni tó máa borí kọ́ là ń wá. Stockfish á nà án, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ohun tí a fẹ́ mọ̀ ni iye àkókò tí a máa gbà lọ́wọ́ fóònù kí wọ́n tó máa ta ọ̀mì. Àwọn kan á lọ dín agbára Stockfish kù nínú sẹ́tìn. Kò dáa bẹ́ẹ̀, torí ńṣe lá máa mọ̀ọ́mọ̀ ta ìtakúta lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Àkókò ni kí ẹ dín kù: ìṣẹ́jú àáyá 1 fún fóònù, 60 fún Genius.

Kò sí okùn tó so àwọn méjèèjì pọ̀, ọwọ́ èèyàn ló ń gbé ọmọ láti ibí dé ọ̀hún. Torí náà, ẹ má lo aago tó ń ka gbogbo eré. Ẹ fi DroidFish sí Analysis, níbi tó ti ń ronú láìdúró, ẹ ka àkókò, ẹ mú ìta tó kọ síwájú, kí ẹ sì yí i sí Edit/Replay, níbi tí kì í ti í ronú, lójú ẹsẹ̀. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ ní Analysis, á máa bá ìrònú lọ nígbà tí Genius ń lo àkókò tirẹ̀. Ọ̀fẹ́ nìyẹn. Ẹ pa irú ìrònú ọ̀fẹ́ bẹ́ẹ̀ lára Genius náà.

DOSBox gan-an ló ń dáni láàmú jù. Ctrl+F12 ń mú un yára, Ctrl+F11 ń fà á sẹ́yìn, iye ìyára rẹ̀ (cycles) sì wà lókè fèrèsé. Bí ẹ bá tì í kọjá agbára láptọ́ọ̀pù, aago inú rẹ̀ á máa falẹ̀: Genius á ní òun ronú fún 60, aago ọwọ́ á sì ka 75. Ẹ fi aago ọwọ́ wọ̀n ọ́n kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Fóònù ní ti ẹ̀, ooru ni. Ẹ yọ ọ́ lára ṣájà, ẹ bọ́ àpò rẹ̀. Kí eré kọ̀ọ̀kan tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ kó ronú lórí pátákó àkọ́kọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 10, ẹ kọ iye ipò tó ń yẹ̀ wò sílẹ̀. Bó bá ti já wálẹ̀ gan-an, ẹ jẹ́ kó tutù.

Àṣìṣe ọwọ́ wá ńkọ́? Bí pátákó kan bá dorí kodò, ilé d4 á dà bí e5 lójú ẹni tó ti rẹ̀. Lẹ́yìn ìta 10-10, ẹ fi pátákó méjèèjì wéra, ilé sí ilé.

Ẹ pa ìwé ìbẹ̀rẹ̀ eré, ìyẹn àkójọ ìta ìbẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ti kó sínú ètò, lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì. Ẹ yan ìbẹ̀rẹ̀ márùn-ún fúnra yín, kí wọ́n ta ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì, kí funfun àti dúdú pààrọ̀ ọwọ́. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, eré kan náà ni wọ́n lè máa tún ta. Àbájáde 6 sí 4 nínú eré 10 kò sì tíì sọ nǹkan kan, oríire lásán lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan á ní kọ̀ǹpútà tó yára ló ń borí. Kì í ṣe ìyára nìkan o. Ní 2009, Pocket Fritz 4, ètò ṣẹ́ẹ̀sì orí fóònù, gba máàkì 9.5 nínú 10 ní Copa Mercosur ní Buenos Aires, láàárín èèyàn tó mọ̀ ọ́n ta, lórí fóònù HTC Touch HD. Kò tó ipò 20,000 tó ń yẹ̀ wò ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Deep Blue, kọ̀ǹpútà IBM tó na Kasparov ní 1997, ń wo nǹkan bíi mílíọ̀nù 200. Ẹ̀rọ HIARCS tó wà nínú Pocket Fritz mọ ẹ̀ka tí kò yẹ kó tẹ̀ lé ni.

Ẹ fi eré kọ̀ọ̀kan pamọ́ ní PGN, irú fáìlì tí wọ́n ń kọ ìta ṣẹ́ẹ̀sì sí, kí ẹ kọ iye cycles DOSBox àti àkókò tí ẹ fún wọn sí orí fáìlì rẹ̀.