Ìdajì Oògùn Oníwúrà

Ọjọ́ 15 oṣù kọkànlá ọdún 2017, ní nǹkan bí aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán, mo ń se ìrẹsì nínú yàrá kan ṣoṣo tí mo háyà ní Heunghae, ní ìlú Pohang, Gúúsù Kòríà. Ilẹ̀ kọ́kọ́ kùn bí ẹni pé tírélà ń kọjá lábẹ́ ilé. Kí n tó mọ ohun tó dé, ìkòkò ti dà sílẹ̀, èmi náà ti wà lábẹ́ tábìlì, mò ń pe Jésù mọ́ orúkọ ìyá mi. Wọ́n ní 5.4 ni agbára ìmìtìtì ilẹ̀ náà. Ìbàdàn ni mo dàgbà sí, ilẹ̀ tiwa kì í rìn. Kí ni mo mọ̀ nípa 5.4?

Ògiri mi lanu, ni wọ́n bá kó wa lọ sí gbọ̀ngàn eré ìdárayá Heunghae. Ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní lórí ilẹ̀ pákó, iná ò kú mọ́jú. Bí ilẹ̀ bá tún mì díẹ̀, gbogbo gbọ̀ngàn á mí "hà!" lẹ́ẹ̀kan náà, ọmọdé á bú sẹ́kún, oorun ti lọ nìyẹn.

Lọ́jọ́ kẹta, ọrùn mi ò yí mọ́. Màmá àgbà kan tí ẹní wọn kángun sí tèmi (halmoni là ń pe irú wọn níbẹ̀) rí i pé gbogbo ara ni mò ń yí kí n tó lè wo ẹ̀gbẹ́. Wọ́n fà mí lọ́wọ́ lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn hanuisa, àwọn dókítà ìṣègùn ìbílẹ̀ Kòríà. Mo ti múra sílẹ̀ de baba arúgbó onírùngbọ̀n. Ọmọkùnrin tó wọ kóòtù funfun ni mo bá, kò lè jù mí lọ. Ọdún mẹ́fà ni wọ́n ń lò ní yunifásítì, wọ́n á sì tún ṣe ìdánwò ìjọba. Láti 1951 ni òfin ti fún wọn ní ipò tiwọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ dókítà òyìnbó.

Kò tilẹ̀ kọ́kọ́ wo ọrùn. Ó gbé ìka mẹ́ta lé ọrùn ọwọ́ mi, ó dákẹ́ bí ẹni tó ń fetí sí rédíò yàrá kejì. Ṣé mò ń sùn? Ṣé mò ń jẹun? Ṣé àyà mi ń já? Kí n tó wá èdè Kòríà tí màá fi dáhùn, halmoni ti bá mi dáhùn gbogbo rẹ̀, wọ́n sì fi kún un pé mò ń sunkún lóru. N kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni gbọ́.

Abẹ́rẹ́ ló fi tọ́jú mi, kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń fa oògùn sí, ó tín-ín-rín bí irun. Ó fi ọ̀pá rọ́bà kékeré kan gbé e sójú ara, ó fi ìka ta á pẹ́rẹ́, ó ti wọlé. Ọrùn ló ń dùn mí, ọwọ́ ló ń gún, láàárín àtàǹpàkò àti ìka kejì rẹ̀, lẹ́yìn náà ẹsẹ̀. Kò ta mí. Ó kàn wúwo, bí ẹni pé wọ́n tẹ àtàǹpàkò mọ́ ibẹ̀. Ó ní kí n dùbúlẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú. Mo sùn lọ, mo tiẹ̀ hanrun.

Nígbà tí mo jí, ọrùn mi yí dé ìdajì. N kò ní búra pé abẹ́rẹ́ nìkan ló ṣe é. Ó lè jẹ́ pé ẹnìkan ní kí n dùbúlẹ̀, òun á máa ṣọ́ mi. Ẹni tí búlọ́ọ̀kù bá ṣẹ́ lẹ́sẹ̀, ọsibítù ni kó gbà lọ tààrà. Ṣùgbọ́n nígbà tí áńbúláǹsì ti lọ, tó ku ẹ̀yìn ríro, inú tí kò lọ déédéé àti ẹ̀rù, báàgì kan péré ni irú dókítà yìí nílò, kò sí pé ó ń wá iná mànàmáná.

Inú wàhálà ni wọ́n kúkú ti bí ìwé ìṣègùn wọn tó lókìkí jù. Ní 1596, tí ogun Japan ń jó ilẹ̀ náà, Ọba Seonjo pàṣẹ pé kí oníṣègùn ààfin rẹ̀, Heo Jun, bẹ̀rẹ̀ ìwé kan. Ó parí rẹ̀ ní 1610, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1613: Dongui Bogam. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé ó kọ orúkọ ewé bí àwọn ará oko ṣe ń pè é, kí ẹni tí kò lówó oògùn ilẹ̀ China lè já èyí tó wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀.

Ní oṣù kẹta 2020, tí Kòrónà bo Daegu, ìlú ńlá kan ní Gúúsù Kòríà, tẹlifóònù ni àwọn hanuisa fi ń gba aláìsàn, wọ́n á sì fi oògùn ewé ránṣẹ́ sí wọn nílé. Bí wọ́n ṣe ń gbọ́ iṣan ọwọ́ lórí fóònù ni kò yé mi.

Ká padà sọ́dọ̀ halmoni. Lálẹ́ ọjọ́ abẹ́rẹ́ yẹn, wọ́n yọ oògùn kan nínú pọ́ọ̀sì, róbótó, wọ́n fi wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó. Cheongsimwon ni. Àwọn ọmọ tó ń lọ ṣe ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì máa ń jẹ ẹ́ kí àyà wọn má baà já. Ìdánwò ọdún yẹn gan-an, ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n sún un síwájú nítorí ìmìtìtì ilẹ̀ yìí. Halmoni gé e sí méjì, wọ́n fún mi ní ìdajì, wọ́n dì ìyókù padà sínú bébà. Ó korò ju ewúro tí a kò fọ̀ lọ.

Ilẹ̀ tún mì ní ìdájí ọjọ́ 11 oṣù kejì 2018, 4.6. Mo ti kó lọ sí ibòmíràn nígbà náà, halmoni ṣì wà nínú àgọ́ ní gbọ̀ngàn. Mo pè wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta kí wọ́n tó gbé e. Wọ́n bi mí bóyá mo ti jẹun. Mo ní, "Halmoni, ẹ̀yin ńkọ́?" Wọ́n ní kí n fọkàn balẹ̀, òun ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ ìdajì tó kù ni.