Mi ò kàn ń tẹ “Mo gbà” mọ́

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi nítòsí ọjà Tákí, Ògbómọ̀ṣọ́, mo ń wo iye tí ẹ̀rọ ìránṣọ ń lọ lórí fóònù. Mi ò rà á. Lálẹ́, ibi tí mo ti ń ka ìròyìn, ìpolówó ẹ̀rọ yẹn náà ni mo tún rí. Ó bà mí lẹ́rù.

“Àǹtí mi, kúkì ni.” Àbúrò mi tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà ló là á yé mi. Ìkànnì máa ń fi àmì kékeré pamọ́ sínú fóònù wa, kó lè dá wa mọ̀ tí a bá padà wá. Lou Montulli ló ṣe é ní 1994, ní Netscape, ilé iṣẹ́ tó ṣe ètò tí wọ́n fi ń wo ìkànnì nígbà náà. Ìyẹn ò burú: èmi náà ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà mi sínú ìwé. Ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ gbé ìwé náà fún ẹlòmíì láéláé! Kúkì àwọn olùpolówó ní tiwọn, ẹyọ kan lè wà lórí ọ̀pọ̀ ìkànnì, kó máa ṣọ́ ibi tí a ń lọ.

Òfin Nàìjíríà ti 2023 lórí ààbò ìsọfúnni sọ pé dídákẹ́ kì í ṣe gbígbà, àti pé ẹni tó ti gbà lè yí ọkàn padà. Síbẹ̀, tí ìkànnì bá ń béèrè bóyá a gba kúkì, “Mo gbà” ni wọ́n ń kọ gàdàgbà. “Mi ò gbà” á sá pamọ́ sísàlẹ̀. Ó ń dùn mí.

Lánàá mo pa gbogbo kúkì rẹ́ nínú fóònù mi. Ìkànnì ò dá mi mọ̀ mọ́, mo ní láti tún páswọ́ọ̀dù tẹ̀ níbi mẹ́ta, mo sì fara mọ́ ọn.